Ẹ Béèrè Tábìlì Kẹsàn-án

Bí ẹ bá ti pe ilé iṣẹ́ kan rí láti sọ pé ẹ̀rọ tí wọ́n tà fún yín ti kọṣẹ́, tí ẹni tó gbé fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan sí yín létí, tí ẹ ò mọ orí rẹ̀, tí ẹ ò mọ ìdí rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ ti pàdé obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Òun kọ́ ló gbé fóònù o. Òun ló kọ ohun tí wọ́n kà sí yín.

Àǹtí Gírámà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ó mọ̀ pé wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ òun ni, àmọ́ inú rẹ̀ máa ń dùn sí i ní kọ̀rọ̀.

Fíríìjì, sítóòfù àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ilé iṣẹ́ wọn ń tà. Yàrá ìpè wà ní àjà kejì: tábìlì mẹ́rìnlélógún, kọ̀ǹpútà àti fóònù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ńlá funfun níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan wà lórí gbogbo tábìlì tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìdáhùn. Ohunkóhun tí oníbàárà bá sọ, ìdáhùn rẹ̀ wà níbẹ̀, bí wọ́n sì ṣe kọ ọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà á. Ẹ̀rọ ń gba ohùn gbogbo ìpè sílẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, Àǹtí Gírámà á jókòó, á gbọ́ díẹ̀ nínú ìpè ẹnì kọ̀ọ̀kan, á sì fún wọn ní máàkì. Ẹni tó bá sọ ohun tí kò sí nínú ìwé, máàkì márùn-ún ti lọ. Bí máàkì bá wálẹ̀ jù, ìwé ìkìlọ̀ dé. Ẹni tó bá gba ìwé ìkìlọ̀ mẹ́ta, ó di ilé.

Òun ló kọ ìwé, òun náà ló tún ń ṣọ́ àwọn tó ń kà á. Ẹ ti rí ibi tí wàhálà fẹ́ gbà wọlé.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tó kọ: "A fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ tọrọ àforíjìn lórí ìdíwọ́ àìròtẹ́lẹ̀ tó bá ohun èlò yín, a sì ń fi dá yín lójú pé ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ náà kàn yóò gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ ní àkókò tó bá yẹ."

"Àǹtí," ni Bàbá Ìbejì wí lọ́jọ́ kan, òun ni ọkùnrin aláwàdà tó wà ní tábìlì kẹẹ̀ẹ́dógún, "kí n tó ka èyí dé ìdajì, oníbàárà ti lọ sè oúnjẹ, ó ti jẹ ẹ́ tán, ó sì ti padà wá."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Àǹtí Gírámà yọ máàkì márùn-ún lára Bàbá Ìbejì lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í ka ìwé náà rárá. Obìnrin tábìlì kẹsàn-án ni. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí bí oníbàárà ṣe lè pariwo tó tí ohùn rẹ̀ máa lọ sókè. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Àǹtí Gírámà wọṣẹ́. Nígbà tí Àǹtí Gírámà lóyún, tí èébì ò jẹ́ kó jókòó, Ìyá Jẹ́jẹ́ ló ń gbé ìpè tiẹ̀ mọ́ tara rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ọmọ tí wọ́n bí yẹn ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. "Mọ́mì Jẹ́jẹ́" ló ń pè é.

Àmọ́ òfin ni òfin lójú Àǹtí Gírámà.

"Ọ̀rẹ́ mi, kí ló dé tí o kì í ka ìwé?"

"Omi ti kún ilé ìdáná obìnrin tó pè yẹn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ṣé kí n máa tọrọ àforíjìn lórí ìdíwọ́ àìròtẹ́lẹ̀ ni?"

"Mo máa yọ máàkì ẹ o."

"Yọ ọ́. Omi ti dúró."

Báyìí ni Ìyá Jẹ́jẹ́ ṣe gba ìwé ìkìlọ̀ kìíní. Lẹ́yìn náà, ó gba èkejì.

Lọ́jọ́ kan, Máníjà pe Àǹtí Gírámà wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Lẹ́tà àwọn oníbàárà ló tò sórí tábìlì bí ẹrù aláṣọ.

"Àǹtí, ẹ jókòó. Gbogbo èyí tí ẹ ń wò yìí, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ìwé yín ò yé wọn."

Àǹtí Gírámà mú ọ̀kan, ó kà á, ó dá a padà.

"Mo fẹ́ ìwé tuntun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá dáa, ẹ̀yin ni màá fi ṣe olórí ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹ̀ka wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ó sì ní ọ́fíìsì tiyín. Bí kò bá dáa, màá wá ẹni tó lè kọ ọ́."

Àǹtí Gírámà ò ronú owó rárá. Ọ́fíìsì tó ní ilẹ̀kùn ló ń rò. Ó ń rò ó pé wọ́n á kọ orúkọ òun sẹ́yìn ìwé, tí àwọn ẹ̀ka mẹ́rin á máa kà á. Láti kékeré ló ti ń wù ú kí wọ́n pe òun ní òǹkọ̀wé.

Ó délé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ márùn-ún, kó tó mọ̀, ó ti di ogójì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ka èyí tó rò pé ó dáa jù sí ọmọ rẹ̀ létí.

Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mọ́mì, kí ló tiẹ̀ ṣe fíríìjì náà gan-an?"

Inú bí i sí ọmọ náà. Ó lé e lọ wẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó jókòó láti fúnni ní máàkì bí ìṣe rẹ̀. Ìpè tábìlì kẹsàn-án ló kọ́kọ́ bọ́ sí i létí. Bàbá àgbà kan ló pè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Oògùn ìyàwó mi ló wà nínú fíríìjì yìí. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbóná rárá."

"Mo gbọ́ yín, bàbá. Ṣé aládùúgbò kan wà nítòsí tó ní fíríìjì?"

"Ó wà."

"Ẹ kọ́kọ́ gbé oògùn náà lọ síbẹ̀. Ẹ má pa fóònù. Mo dúró."

Fún ìṣẹ́jú méje, kò sóhun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ ju ìró ẹsẹ̀, ìró ilẹ̀kùn àti èémí Ìyá Jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, bàbá ní, "Mo ti dé."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹni tó máa tún un ṣe máa dé lọ́la, kí aago méjìlá tó lù. Bí ohun tí mo sọ yìí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà pè. Ẹ béèrè tábìlì kẹsàn-án. Èmi ni mo wà níbẹ̀."

Bàbá bú sẹ́kún, ó sì ń dúpẹ́.

Àǹtí Gírámà gbé bírò sókè láti yọ máàkì márùn-ún. Dípò kó yọ ọ́, ó rí i pé òun ti ń kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà sílẹ̀. Ó kọ ọ́ tán, ó kà á. Ó kúrú. Ó yéni. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀ yìí.

Ó rìn lọ sí tábìlì kẹsàn-án.

"Ọ̀rẹ́ mi, báwo lo ṣe ń ṣe é?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Bí o ṣe ń dá wọn lóhùn. Ó dà bí ẹni pé o ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó pè."

Ìyá Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí abẹ́ tábìlì rẹ̀, ó mú ìwé àjákọ kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó. "Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń kọ ọ́. Bí ìpè kan ò bá lọ dáadáa, màá jókòó lẹ́yìn iṣẹ́, màá kọ ohun tó yẹ kí n ti sọ. Lẹ́yìn náà màá kà á síta. Bí èémí mi bá tán kí n tó dé òpin gbólóhùn, ó ti gùn jù nìyẹn, màá gé e."

"Ṣé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Mo máa ń ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn. Màá ro ìyá mi, pé òun ló dúró sínú omi yẹn, pẹ̀lú gílóòbù tó kú. Mi ò jẹ́ kọ ‘ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ kàn' sí ìyá mi! Màá sọ ẹni tó ń bọ̀, màá sọ aago tó máa dé. ‘Ẹ má bínú', ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń sọ ọ́. Ẹni tí nǹkan ẹ̀ bàjẹ́ ò ráyè ẹ̀bẹ̀ rẹpẹtẹ. Ohun tí mi ò bá lè ṣe, mi ò ní kọ ọ́ rárá. Tí mo bá parí, màá jẹ́ kí onítọ̀hún mọ ibi tó ti máa bá mi bí mo bá purọ́."

Ó na ìwé náà sí i. "Mú un lọ. Ṣáà dá a padà lọ́jọ́ Ajé."

Ẹ gbọ́ mi o, obìnrin yìí ò jí ìwé náà. Wọ́n fún un ni, tẹ̀rín-tẹ̀rín, láìbéèrè kọ́bọ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe ò ju pé kó lọ bá Máníjà, kó ní, "Ìyá Jẹ́jẹ́ ló ni èyí."

Ó kúkú rò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó rò ó títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ó ní òun á kàn wo bó ṣe ń kọ ọ́ ni, òun á sì wá kọ tòun. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá yí padà ń burú sí i ni. Nígbà tó fi di ọ̀sán, kò yí nǹkan kan padà mọ́. Ó ń dà á kọ láti ìlà dé ìlà, ọwọ́ rẹ̀ ń sáré, ọkàn rẹ̀ ò sì sí níbẹ̀, bí ọmọ iléèwé tó ń wo iṣẹ́ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ kẹ̀yìn sí i.

Ní ọjọ́ Ajé, ó dá ìwé àjákọ náà padà.

"Ṣé ó ràn ẹ́ lọ́wọ́?" ni Ìyá Jẹ́jẹ́ bi í.

"Díẹ̀," ló fèsì.

Díẹ̀! Inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ti kọ́kọ́ ta ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé tuntun bá jáde, tí Ìyá Jẹ́jẹ́ bá ṣí i, ojú ìwé kìíní ló ti máa rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kí ló máa sọ? Ta ló máa gbọ́? Gbogbo ìgbà tí Ìyá Jẹ́jẹ́ bá dìde láti lọ mumi, Àǹtí Gírámà á rò pé ọ̀dọ̀ Máníjà ló ń lọ.

Ìwé ìkìlọ̀ méjì ni Ìyá Jẹ́jẹ́ ti gbà. Ó ku ẹyọ kan.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Gírámà fi fóònù sétí láti gbọ́ tábìlì kẹsàn-án. Ìwé tuntun rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó fẹ́ gbé e lọ fún àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ tí Ìyá Jẹ́jẹ́ ń sọ fún obìnrin kan pé, "Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà. Mo dúró." Ó wo ìwé orí itan rẹ̀. Ojú ìwé kẹrin: "Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà. Mo dúró."

Ó yọ máàkì márùn-ún. Ó kọ ìwé ìkìlọ̀ kẹta, ó sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀: Kò ka ìwé.

Ó fọwọ́ sí i. Máníjà náà fọwọ́ sí i láàárín ìwé méjìlá mìíràn, kò tiẹ̀ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Ìyá Jẹ́jẹ́ wá bá a kó tó lọ, báàgì rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́. Kò pariwo. Ìgbà wo ló ti pariwo rí?

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ìwọ lo gbọ́ ìpè yẹn?"

"Kì í ṣe ọwọ́ mi ló wà," ni Àǹtí Gírámà wí, ojú rẹ̀ wà lára kọ̀ǹpútà. "O mọ̀ pé òfin ni."

Ìyá Jẹ́jẹ́ tún báàgì rẹ̀ gbé. "Ó dáa. Bá mi kí ọmọ wa."

Nígbà tí Àǹtí Gírámà máa fi gbójú sókè, tábìlì kẹsàn-án ti ṣófo.

Ìwé tuntun jáde. Ó fẹ́lẹ́, ó mọ́ tónítóní, orúkọ òǹkọ̀wé sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbàgàdà. Wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ kí Àǹtí Gírámà lè kọ́ wọn. Ó kọ́ wọn tán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ayàwòrán ti ń dúró láti ya òun àti Máníjà ní fọ́tò nígbà tí Bàbá Ìbejì na ọwọ́ sókè.

"Àǹtí, ìparí àwọn ìdáhùn wọ̀nyí, ṣé bó ṣe wà níbẹ̀ yìí náà ni ká kà á?"

"Bàbá Ìbejì, ẹ ti tún dé. Bí mo ṣe kọ ọ́ ni kí ẹ kà á."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀! Ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ kan padà, máàkì márùn-ún."

Bàbá Ìbejì tẹ orí ba. "Ó dáa o, Àǹtí. A ti gbọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Àwọn oníbàárà ń kọ lẹ́tà ọpẹ́. Àǹtí Gírámà wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tuntun, ó sì máa ń ti ilẹ̀kùn, kó tún ṣí i, torí pé ilẹ̀kùn ni. Ìgbà kan wà tí ọmọ rẹ̀ bi í pé, "Mọ́mì Jẹ́jẹ́ ńkọ́? Kò wá kí wa mọ́." Ó ní ọwọ́ rẹ̀ dí.

Lẹ́yìn náà, obìnrin tó ń pín ìpè nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé. Ó ní àwọn èèyàn ń pè, wọn ò fẹ́ bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, tábìlì kẹsàn-án ni wọ́n ń béèrè. Mẹ́wàá lóòjọ́ ni. Ó di ogójì. Ó di igba. Ẹ̀ka kan ní ìlú kejì, tábìlì mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà tiwọn náà ń béèrè tábìlì kẹsàn-án. Ni wọ́n bá ń darí wọn sí orílé iṣẹ́. Fóònù orí tábìlì kẹsàn-án ń dún láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń ṣíwọ́, kò sì sẹ́ni tó ń gbé e, nítorí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀.

"Ẹ wo aga òfìfo tó gbajúmọ̀ jù wá lọ," ni Bàbá Ìbejì wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí.

Inú ọ́fíìsì rẹ̀ ni Àǹtí Gírámà wà nígbà tí ẹ̀rín yẹn dé etí rẹ̀. Ó ṣí ìwé tuntun sí ojú ìwé kìíní. Ó ka ìlà tó kẹ́yìn, èyí tó ti dà kọ pẹ̀lú gbogbo yòókù láìwo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń kọ:

"Bí ohun tí mo sọ yìí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà pè. Ẹ béèrè tábìlì kẹsàn-án. Èmi ni mo wà níbẹ̀."

Ojú ìwé kejì. Ìkẹta. Bákan náà ni gbogbo wọn parí. Òṣìṣẹ́ tó lé ní ọgọ́ta, ní ẹ̀ka mẹ́rin, ló sì ń kà á bó ṣe wà, nítorí pé òun ló ní ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ kan padà máa rí i.

 Ó dìde pé kí òun sáré lọ bá àwọn tó tẹ ìwé. Ó ti pẹ́ jù. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Máníjà ti wà láàárín yàrá ìpè, ó sì dojú kọ fóònù tó ń dún. Máníjà gbé e, ó sì tẹ bọ́tìnnì tí gbogbo èèyàn fi lè gbọ́.

"Ẹ n lẹ́ o. Tábìlì kẹsàn-án nìyí."

"Rárá," ni ohùn àgbàlagbà kan wí. Àǹtí Gírámà mọ ohùn náà. "Ọkùnrin kọ́ ni mo ń wá. Obìnrin ni. Ẹnì kan gbé ìpè mi lánàá, ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ló ń sọ, àmọ́ ohùn rẹ̀ kọ́. Obìnrin yẹn dúró tì mí lórí fóònù lọ́jọ́sí tí mo fi gbé oògùn ìyàwó mi lọ sílé aládùúgbò. Ṣé ara rẹ̀ le?"

 Máníjà ní àwọn á pe bàbá padà. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ yíká.

"Ta ló ń jókòó síbí tẹ́lẹ̀?"



"Ìyá Jẹ́jẹ́ ni, sà," ni Bàbá Ìbejì wí. Kò ṣàwàdà mọ́. "Ẹ ti ní kó máa lọ."

"Kí ló ṣe?"

"Kò ka ìwé, sà."

"Ìwé wo?"

"Ìwé àtijọ́, sà. Èyí tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà nínú ìwé tuntun yìí ló máa ń sọ."

 Máníjà fa àpótí abẹ́ tábìlì náà, ìwé àjákọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbó sì wà níbẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ ò mú un lọ. Ó kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé: Ẹni tó bá jókòó síbí lẹ́yìn mi, máa lò ó.

Máníjà mú Ìwé Ìdáhùn tuntun ní ọwọ́ kejì. Ó ka ìlà kan nínú èyí, ó ka ìlà kan nínú tọ̀hún, síta, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tó ka ìlà kẹfà, ó pa ìwé méjèèjì dé.

"Àǹtí, ẹ máa bọ̀."

Àǹtí Gírámà rìn láàárín tábìlì mẹ́rìnlélógún. Ká ní ilẹ̀ lè lanu ni, inú rẹ̀ ni ì bá kó sí.

"Ẹ bá wa ka ìlà tó kẹ́yìn yìí."

Ó kà á. 

"‘Èmi ni mo wà níbẹ̀.' Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí yìí, Àǹtí?"

"Ìyá Jẹ́jẹ́ ni, sà."

"Mi ò gbọ́."

"Ìyá Jẹ́jẹ́ ni! Òun ló kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló kọ. Mo mọ̀ nígbà tí mo yọ máàkì ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó pòṣé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń wò ó ni, àwọn èèyàn tó ti ń fún ní máàkì láti ọdún pípẹ́ wá. Ó tiẹ̀ dùn ún jù pé wọn ò bú òun.

Máníjà náà jókòó sórí aga òfìfo yẹn. "Èmi náà fọwọ́ sí ohun tí mi ò kà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà wá. Ẹ̀yin fúnra yín."

Aṣọ ni Ìyá Jẹ́jẹ́ ń lọ̀ nígbà tí Àǹtí Gírámà dé ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní kó jókòó. Ó fún un lómi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ lọ.

"Mi ò ní lè padà," ló wí. "Mo ti rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn tó ń gbé fóònù níbẹ̀. A jọ ń kọ ohun tí a máa sọ ni, èmi àti àwọn tó ń sọ ọ́."

"Wọ́n máa tún ìwé náà tẹ̀. Orúkọ ẹ ló máa wà lẹ́yìn ẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Mo bi ẹ́ bóyá ìwé yẹn ràn ẹ́ lọ́wọ́. O ní díẹ̀. Ká ní o sọ pé ó ràn ẹ́ lọ́wọ́ gan-an ni, ǹ bá ní kó o máa mú un lọ pátápátá, ǹ bá tún bá ẹ kọ èyí tó kù. Ohun tí mo ṣì ń rò lójoojúmọ́ nìyẹn. Díẹ̀ yẹn."

Omijé bọ́ lójú Àǹtí Gírámà, kò sì lè nù ún.

"Mú ọmọ wa wá lọ́jọ́ Sátidé," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Ní tìẹ, fún mi láàyè díẹ̀ ná."

Ó padà sẹ́nu aṣọ rẹ̀.

Àwọn oníbàárà ò dẹ́kun àtimáa béèrè tábìlì kẹsàn-án. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀. Máníjà gba ọ́fíìsì tó ní ilẹ̀kùn lọ́wọ́ Àǹtí Gírámà, ó gba iṣẹ́ fífúnni ní máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nawọ́ sí aga yẹn.

Ẹ ti fura, àbí? Ojú ló ń tì mí tí mo fi ń sọ ọ́ láti òkè bí ẹni ń sọ ti ẹlòmíì. Èmi ni. Èmi ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Gírámà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Lójoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń pè, tí wọ́n ń ní, "Ṣé ìwọ ni obìnrin dáadáa yẹn?" Lójoojúmọ́ náà ni mo ń fèsì pé rárá, kò sí níbí mọ́, èmi ni mo fà á tó fi lọ. Kò sí nínú ìwé. Èmi ni mo fi kún un.

Nígbà tó yá, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá tíṣà yẹn náà. Ó wá ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Fíríìjì mi tún ti kọṣẹ́. Ṣé o máa lè dúró kí n gbé oògùn lọ sílé kejì?"

Mo ní màá dúró. Mo dúró.

Ọdún kejì rèé tí mo ti wà lórí aga yìí. Ìwé àjákọ náà wà nínú àpótí tábìlì, mo sì ń lò ó bó ṣe ní kí ẹni tó bá wà níbẹ̀ máa lò ó. Ohun tí mo kọ fún yín yìí, mo kà á síta kí n tó fi ránṣẹ́, ibi tí èémí mi bá sì ti tán, mo gé e. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Bí ẹ bá rí irọ́ kan nínú rẹ̀, ẹ pè. Ẹ béèrè tábìlì kẹsàn-án. Èmi ni mo wà níbẹ̀ báyìí.